Òǹwòran ni, àbí alámòójútó, àbí olùwòye?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Àbá méjì ló wà nílẹ̀ lórí orúkọ tó yẹ àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní "observer" níbi ìdìbò. Ẹnìkan ní òǹwòran ti tó. Ẹlòmíì ní alámòójútó tí a ń gbọ́ lórí rédíò ni ká dì mú. Èmi ò fara mọ́ ìkankan.

Ìran ni òǹwòran ń wò. Ẹni tó lọ wo bọ́ọ̀lù tàbí eégún, bó bá sú u, á kọrí sílé, kò sì sẹ́ni tí yóò bi í pé kí ló rí. Àwọn tí ECOWAS àti Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù rán wá síbi ìdìbò ààrẹ Nàìjíríà lọ́jọ́ 25, oṣù Kejì, ọdún 2023, iṣẹ́ ni wọ́n bá wá: aago mélòó ni ìdìbò bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ̀rọ BVAS tí wọ́n fi ń yẹ olùdìbò wò ń ṣiṣẹ́, báwo ni wọ́n ṣe ka ìbò. Wọ́n sì gbọ́dọ̀ jábọ̀.

Alámòójútó ló léwu jù. Ẹni tó ń mójú tó nǹkan ní àṣẹ lórí rẹ̀. Bó bá wọ́, òun ni yóò tún un ṣe. INEC, àjọ elétò ìdìbò Nàìjíríà, pàápàá pààlà sí i: òṣìṣẹ́ tiwọn ló lè dá sí ọ̀rọ̀ kí wọ́n sì ní kí wọ́n tún un ṣe. Àlejò tó wá wò kò gbọ́dọ̀ dá sí i. Bó bá rí màgòmágó, kíkọ ni yóò kọ ọ́ sílẹ̀. Tí a bá wá ń pe irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní alámòójútó, àwọn olùdìbò yóò ní kí ló dé tó dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń gbé àpótí ìbò sá lọ. A ti di ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀ rù ú nìyẹn!

Olùwòye ni tèmi. Wíwò wà nínú rẹ̀, òye wà níbẹ̀, kò sì fún un láṣẹ kankan. Ó bá ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé náà mu: Vatican ti jẹ́ olùwòye níbẹ̀ láti ọdún 1964, Palẹsítínì gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè láti 2012, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í dìbò nínú Àpéjọ Gbogbogbò.

Ní ti ẹni tó ń wo ìràwọ̀, alákìíyèsí dára. Ẹni tó ń pa òfin mọ́ tàbí tó ń gbààwẹ̀ ńkọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì tún fi ọ̀rọ̀ kan náà pè? Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ bí a ti ń sọ ọ́.

Ẹ má sì kó aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú mọ́ olùwòye. Aṣojú lè tako olùdìbò tó bá fura sí, ó sì lè ní kí wọ́n tún ìbò kà. Olùwòye kò ní irú ẹ̀tọ́ yẹn.