Wọ́n kọ 8 óòmù sí wúfà mi, mítà ní 6: èwo ni kí n fi ṣírò kọrọ́sófà?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Mò ń kan àpótí sípíkà fún pálọ̀ mi, wúfà (sípíkà ohùn ìsàlẹ̀) ínńṣì 8 pẹ̀lú twítà (ti ohùn òkè). 2,500 Hz ni mo fẹ́ kí kọrọ́sófà, ohun tó ń pín ohùn láàárín wọn, ti pín wọn níyà. Mo fi 8 óòmù tó wà lẹ́yìn wúfà ṣírò, kọ́ìlì 0.5 mH, tó yẹ kó dí ohùn òkè mọ́ wúfà, ló bọ́ sí. Mo so ó tán, wúfà ṣì ń pe "ṣ" bíi twítà, ohùn obìnrin ń gún mi létí. Mo fi mítà wọ̀n ọ́n, 6.1 óòmù! Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún mi?

Ọ̀gá Àpótí: Ayédèrú kọ́. Iná bátìrì ni mítà yín fi ń wọ̀n ọ́n, wáyà lásán ló rí. Wúfà 8 óòmù tó bá fi 6 hàn, ara rẹ̀ le. Impedance, ìyẹn ìdènà tí wúfà ń ṣe sí iná ohùn, ni 8 yẹn, kì í sì í dúró lójú kan. Níbi tí kóònù ti máa ń gbọ̀n fúnra rẹ̀ nísàlẹ̀, ó lè fò kọjá 30. Á wálẹ̀ sí bíi 7 ní 200 tàbí 300 Hz. Bí ohùn bá ti ń ga, á tún máa gòkè, torí wáyà tí wọ́n lọ́ sídìí kóònù, kọ́ìlì lòun náà.

Ọmọ Wáyà: Ẹ yọ 0.5 yẹn, ẹ fi 1 mH sí i. Ó parí.

Ọ̀gá Àpótí: Àbúrò, kò parí. Kọ́ìlì pẹ̀lú kọ́ìlì ló ń pín iná níbẹ̀. Bí ohùn ṣe ń ga, méjèèjì jọ ń le ni, ó níbi tí ìpín wúfà máa dé tí kò ní dín mọ́. 1 mH á kàn jẹ àárín ohùn run. Oníbéèrè, kí ni wọ́n kọ sí Le, agbára kọ́ìlì inú wúfà fúnra rẹ̀, nínú ìwé wúfà?

Oníbéèrè: 0.7 mH, ọ̀gá.

Ọ̀gá Àpótí: Ẹ sọ 6.1 di ìlọ́po 1.25, ẹ ó rí 7.6. Ẹ wá rẹsísítọ̀ 7.5 óòmù, 10 wáàtì, ẹ so kapásítọ̀ 12 µF (látinú 0.7 àti 7.6 yẹn ni mo ti ṣírò rẹ̀) mọ́ ọn nídìí, kí ẹ wá fi wọ́n dábùú ẹnu wúfà, lẹ́yìn kọ́ìlì. Kapásítọ̀ tí kò ní pọ́sítíìfù àti nẹ́gétíìfù o! Irú èyí tí wọ́n ń tú lára pawa sọ́pláì ti bú gbàù mọ́ mi lójú rí. Nígbà náà ni kọ́ìlì yín á máa rí nǹkan bí 7.6 tí kò yẹ̀, 0.5 yẹn á wá jẹ́ iṣẹ́ tẹ́ ẹ rán an.

Oníbéèrè: Mi ò rí 12 rà, mo so 10 àti 2.2 pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. "Ṣ" ti kúrò lẹ́nu wúfà! Ìyàwó mi ní ṣé mo ra sípíkà tuntun ni. Twítà ńkọ́, ọ̀gá?

Ọ̀gá Àpótí: Ẹ wo Fs rẹ̀, ibi tó ti máa ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, nínú ìwé. Tó bá ju 1,250, ìdajì 2,500 yín, lọ, ẹ padà wá.