Ìkarahun òkun inú òkúta Ṣágámù àti ti orí Òkè Everest: ṣé ohun kan náà ló gbé wọn débẹ̀?

Ìyá Ìbejì, Ìperu:

Ẹ kú àṣeyọrí o, ẹ̀yin ọmọ Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú. Mo ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta bá mi dá sí. Ọmọ mi ọkùnrin mú òkúta ẹfun kan wálé láti ìtòsí ibi tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ńtì ní Ṣágámù, ìkarahun sì hàn gbangba lára rẹ̀. Olùkọ́ wọn ti sọ fún wọn pé òkúta irú èyí wà ní ṣóńṣó Òkè Everest, àti pé ilẹ̀ tó ń sún ló gbé e débẹ̀. Ohun tí ọmọ náà wá ń bi mí ni pé, bí ilẹ̀ tó ń sún bá lè gbé ìsàlẹ̀ òkun di òkè tó ga jù lọ láyé, kí ló dé tí ti Ṣágámù fi wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ, tí kò sì sí òkè gíga kankan ní gbogbo agbègbè wa? Mi ò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ tí kò dá mi lójú pa á lẹ́nu mọ́.

Olùkọ́ Àgọ́-Ìwòyè:

Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, Ìyá Ìbejì. Ọmọ yín ti ṣàkíyèsí ohun tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà máa ń gbójú fò, nítorí pé ìkarahun nínú òkúta kò fi hàn ju pé òkun ti wà níbẹ̀ rí. Bí òkun ṣe kúrò níbẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni Ṣágámù àti Everest ti pínyà.

Ojú ilẹ̀ ayé kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Ó pín sí awẹ́ ńláńlá mélòó kan àti àwọn kéékèèké tó wà láàárín wọn. Òkúta líle ni awẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn nípọn tó nǹkan bí 100 kìlómítà, wọ́n sì jókòó lórí òkúta mìíràn tó gbóná gan-an, tí kò yọ́ di omi ṣùgbọ́n tó rọ̀ débi pé ó lè máa yí díẹ̀díẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Ìmọ̀ nípa bí àwọn awẹ́ wọ̀nyí ṣe ń rìn, tí wọ́n ń kọlu ara wọn, tí wọ́n sì ń jìnnà sí ara wọn, ni àwọn onímọ̀ ń pè ní plate tectonics. Ẹ má ṣe rò pé kọ́ńtínẹ́ńtì kan ni awẹ́ kan o: awẹ́ tí Áfíríkà wà lórí rẹ̀ gbé ilẹ̀ wa, ó sì tún gbé ìsàlẹ̀ òkun lọ títí dé àárín Òkun Àtìláńtíìkì.

Ilẹ̀ Íńdíà ti so mọ́ Áfíríkà àti àwọn ilẹ̀ gúúsù mìíràn rí. Nígbà tó já kúrò, ó forí lé àríwá, ó sì kọlu Éṣíà ní nǹkan bí 50 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Òkúta ìsàlẹ̀ òkun wúwo, nítorí náà, bí òun àti kọ́ńtínẹ́ńtì bá pàdé, òun ló máa ń rì sábẹ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń rì sábẹ́ Amẹ́ríkà ti Gúúsù títí di òní, tí àwọn òkè Andes àti àwọn òkè ayọnáyèéfín ibẹ̀ fi ń dìde. Ṣùgbọ́n òkúta kọ́ńtínẹ́ńtì fúyẹ́. Nígbà tí Íńdíà àti Éṣíà wá kanra, kò sí èyí tó rọrùn láti rì nínú àwọn méjèèjì, ni ilẹ̀ bá ká jọ, ó sì ń gorí ara rẹ̀. Òkúta ẹfun tó wà ní ṣóńṣó Everest ti lé ní 400 mílíọ̀nù ọdún. Inú òkun tí kò jìn, létí ilẹ̀ Íńdíà àtijọ́, ló ti kóra jọ, kó tó di pé ìkọlù yẹn gbé e dé mítà 8,848.86, èyí tí orílẹ̀-èdè Nepal àti Ṣáínà kéde lọ́dún 2020. Íńdíà kò tíì dẹ́kun títari náà.

Ní ti Ṣágámù, òdìkejì ohun tí mo sọ yìí ló ṣẹlẹ̀. Amẹ́ríkà ti Gúúsù ló so mọ́ ẹ̀gbẹ́ wa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ya kúrò. Ní ìhà tiwa yìí, ìyapa náà parí ní nǹkan bí 100 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Etí ilẹ̀ tó ya náà fẹ́lẹ́, ó gbóná, bó sì ṣe ń tutù ló ń rì. Odò kó iyanrìn wá sínú ibi tó rì náà, lẹ́yìn náà ni òkun gùn ún wá. Ní nǹkan bí 60 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, òkun tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí kò sì jìn, bo ibi tí Ṣágámù àti Ewékorò wà lónìí, ìkarahun àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ ló sì di òkúta ẹfun. Nígbà tó yá, òkun fà sẹ́yìn, amọ̀ àti iyanrìn sì bò ó mọ́lẹ̀. Kò sí kọ́ńtínẹ́ńtì kankan tó ti gúúsù wá kọlù wá. Èyí tí à bá kanra pẹ̀lú ń jìnnà sí wa ni. Ìdí nìyẹn tí òkúta ọmọ yín fi wà nílẹ̀ pẹrẹsẹ.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó:

Olùkọ́, ẹ kú àlàyé. Mo fara mọ́ gbogbo ohun tí ẹ sọ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí ọmọ náà lọ gbà pé òkè gíga kò sí ní ilẹ̀ wa rí. Bí ó bá gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde lọ sí Ìjẹ̀bú-Igbó, yóò rí i pé iyanrìn àti ilẹ̀ pupa ń dín kù, tí akọ òkúta sì ń yọrí láti inú ilẹ̀. Ìpìlẹ̀ àwọn òkè àtijọ́ nìyẹn. Ní nǹkan bí 600 mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn, àwọn ilẹ̀ ńláńlá kọlu ara wọn níbí gẹ́gẹ́ bí Íńdíà àti Éṣíà ṣe ṣe, òkè sì dìde. Abẹ́ irú àwọn òkè bẹ́ẹ̀, níbi tí ooru àti agbára ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ti pọ̀, ni wọ́n ti se àwọn òkúta wa.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti wo bí wọ́n ṣe ń já ẹrù nínú ọkọ̀ ojú omi ní Èpé yóò mọ̀ pé bí ẹrù ṣe ń dín kù ni ọkọ̀ ń ga sókè nínú omi. Bẹ́ẹ̀ ni òkè rí. Bí òjò àti odò ṣe ń ha orí rẹ̀ lọ ni ìdí rẹ̀ ń gòkè bọ̀, títí ohun tó wà ní ọ̀pọ̀ kìlómítà nísàlẹ̀ fi dé gbangba. Irú òkúta yìí, tí ọjọ́ orí wọn bára mu, wà ní ìlà oòrùn àríwá Brazil pẹ̀lú, nítorí pé ilẹ̀ kan náà ni wá nígbà náà.

Ìyá Ìbejì, Ìperu:

Ẹ ṣeun o, ẹ̀yin méjèèjì, ẹ kò ní rí ìdààmú. Mo kà á fún un, ó sì ní kí n béèrè nǹkan méjì sí i. Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé Brazil ṣì ń jìnnà sí wa, nígbà tí kò sẹ́ni tó rí i? Èkejì sì ni pé, bí etí awẹ́ ilẹ̀ bá wà láàárín òkun, kí ló fa ìmìtìtì ilẹ̀ tí àwọn àgbà sọ pé ó ṣẹlẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́dún 1984?

Ará Ìkẹ́nnẹ́:

Ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú rẹ̀, Màmá Ìbejì. Ará Jámánì kan, Alfred Wegener, ti sọ ọ́ lọ́dún 1912 pé àwọn kọ́ńtínẹ́ńtì ń rìn, ṣùgbọ́n kò lè ṣàlàyé agbára tó ń gbé wọn rìn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò sì gbà á gbọ́ títí ó fi kú ní Greenland lọ́dún 1930. Ìsàlẹ̀ òkun ló wá jẹ́rìí gbè é. Láàárín 1950 sí 1960, àwọn onímọ̀ ará Amẹ́ríkà méjì, Marie Tharp àti Bruce Heezen, ya àwòrán ìsàlẹ̀ Òkun Àtìláńtíìkì, wọ́n sì rí ọ̀wọ́ òkè gígùn kan tó la àárín òkun náà já láti àríwá dé gúúsù, pẹ̀lú àfonífojì lórí rẹ̀. Ibẹ̀ ni òkúta yíyọ́ ti ń jáde, tó ń tutù, tó sì ń di ìsàlẹ̀ òkun tuntun. Bó ṣe ń tutù, agbára òòfà ayé máa ń fi àmì sára rẹ̀, òòfà ayé náà sì ti yí padà lọ́pọ̀ ìgbà, tí àríwá di gúúsù. Lọ́dún 1963, àwọn onímọ̀ ará Bìrìtìkó méjì, Fred Vine àti Drummond Matthews, dábàá pé bí ìsàlẹ̀ òkun tuntun bá ń jáde bẹ́ẹ̀ lóòótọ́, àwọn àmì yìí yóò tò sí ìhà méjèèjì irú ọ̀wọ́ òkè bẹ́ẹ̀, tí ti ọ̀tún yóò bá ti òsì mu, ìwọ̀n tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà sì fi hàn pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Lóde òní, sátẹ́láìtì ń wọn ìrìn náà tààrà. Bí sẹ̀ǹtímítà 4 bá ń kún àárín àwa àti Brazil lọ́dọọdún, 100 mílíọ̀nù ọdún yóò mú 4,000 kìlómítà wá, èyí sì súnmọ́ bí òkun náà ṣe fẹ̀ tó lónìí.

Ìdí kan náà ló mú kí ìsàlẹ̀ òkun kéré lọ́jọ́ orí. Ìwọ̀nba díẹ̀ nínú rẹ̀ ló dàgbà ju 180 mílíọ̀nù ọdún lọ, torí pé èyí tó bá gbó ń tutù, ó ń wúwo, á sì rì padà sínú àwọn kòtò bíi ti Mariana tó jìn tó nǹkan bí kìlómítà 11. Àwọn òkúta kọ́ńtínẹ́ńtì kì í rì bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni a fi ń rí èyí tó ti pé bílíọ̀nù mẹ́ta ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti 1984, òótọ́ ni pé a jìnnà sí etí awẹ́ wa. Ṣùgbọ́n awẹ́ náà le, ìtìsíwájú tó ń bá etí rẹ̀ ń dé àárín rẹ̀ pẹ̀lú, ibi tó bá sì ti sán tẹ́lẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ yẹ̀. Àwọn ojú sísán àtijọ́ wà nínú akọ òkúta ilẹ̀ Yorùbá, èyí tí a mọ̀ jù ni ti Ìfẹ̀wàrà, tó sọdá apá ìlà oòrùn Ilé-Ifẹ̀. Nínú òkun lọ́hùn-ún, àwọn ojú sísán ńláńlá bíi Romanche, tó jìn ju kìlómítà 7 lọ níbì kan, gé ọ̀wọ́ òkè àárín òkun náà sí wẹ́wẹ́, wọ́n sì kọjú sí etíkun wa. Àwọn onímọ̀ kan so ìmìtìtì ìhà wa mọ́ agbára ìtari tó ń gba ọ̀nà wọ̀nyí wọlé. Irú ìmìtìtì bẹ́ẹ̀ kì í sábà lágbára. Síbẹ̀, mo rò pé ó yẹ kí ẹ̀rọ tó ń gba àkọsílẹ̀ ìmìtìtì pọ̀ sí i láàárín wa, kí a lè mọ ibi pàtó tí ojú sísán kọ̀ọ̀kan gbà.