Starter yíìsì mi ń kan: ibo ni kòkòrò ti ń wọlé?

Apọntí_Tuntun, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà ibí. Yíìsì olómi ni mò ń lò, starter lítà 2, ìyẹn omi malt tí yíìsì á ti kọ́kọ́ pọ̀ sí i, ni mo sì máa ń fi jí i kí n tó dà á sínú bíà lítà 20. Nínú mẹ́ta tí mo ṣe kẹ́yìn, méjì ló ń rùn bí omi orí ògì.

200 gíráàmù DME, ìyẹn ìyẹ̀fun malt, ni mò ń sè nínú lítà omi 2 fún ìṣẹ́jú 10. Màá jẹ́ kó tutù nínú ìkòkò, màá fi àrọ dà á sínú ìgò Erlenmeyer (èyí tó fẹ̀ nídìí, tó tín lọ́rùn) tí mo ti fi Star San, omi ásíìdì tó ń pa kòkòrò, ṣan, màá wá da yíìsì sí i. Ìbéèrè mẹ́ta ni mo ní. Bí mo bá ti po Star San mọ́ omi ẹ̀rọ, ṣe ló máa ń funfun bí omi ẹ̀kọ. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn? Ìhó rẹ̀ tó ń kù sínú ìgò ńkọ́, ṣé kí n fi omi ṣan án kúrò? Dettol sì wà nílé, ṣé kò lè rọ́pò rẹ̀?

Ọlọ́tí_Malt, Leeds

Ẹ ti fẹnu ara yín sọ ibi tó ti ń bàjẹ́: "màá jẹ́ kó tutù nínú ìkòkò, màá fi àrọ dà á." Bí omi malt bá ń hó, kò sí kòkòrò tó ń mú bíà kan tó lè yè é. Ìgbà tí iná bá kú ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀. Bí ìkòkò ṣe ń tutù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń sún kì, ti ìta á sì máa wọlé rọ́pò rẹ̀, òun àti eruku ilé ìdáná. Lẹ́yìn ìyẹn, omi malt tó ti tutù yìí tún ń gba etí ìkòkò, inú àrọ àti ọrùn ìgò kọjá. Ẹ ti ṣí ilẹ̀kùn mẹ́ta sílẹ̀ fún wọn.

Ẹ má gbàgbé pé starter ò ní hops, òdòdó kíkorò tí wọ́n ń sè mọ́ bíà. Kíkorò hops ló ń dá Lactobacillus, kòkòrò tó ń mú nǹkan kan, lọ́wọ́ kọ́ nínú bíà. Omi malt lásán ò ní irú ààbò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ìmọ́tótó starter ló yẹ kó ká wa lára ju ti bíà gan-an lọ. Òdìkejì rẹ̀ lèmi máa ń rí káàkiri.

Bí ìgò yín bá jẹ́ borosilicate, gíláàsì tó ń fara da iná, inú rẹ̀ ni kí ẹ ti sè é, lórí iná gáàsì. Fún lítà 2, ìgò lítà 3 kò gba ìhó rẹ̀. Ẹ wá ti lítà 5. Ìgò gbígbẹ ni kí ẹ kọ́kọ́ da DME sí, kí ẹ tó bu omi tútù lé e, kí ẹ sì máa yí i po títí yóò fi yọ́. Ẹni tó bá da DME sínú ìgò tó ti gbóná, ooru á mú kó lẹ̀ mọ́ ọrùn ìgò gbagidi. Bẹ́ ẹ bá ní stir plate, ẹ̀rọ tó ń fi mágínẹ́ẹ̀tì ro starter, ẹ ju ọ̀pá mágínẹ́ẹ̀tì kékeré rẹ̀ sí i kó bá a hó. Ẹ fi fọ́ílì bo ẹnu ìgò, ẹ má fún un pa, kí ooru tó ń jáde lè se ọrùn ìgò àti inú fọ́ílì pọ̀. Ìṣẹ́jú 15 látìgbà tó bá ti ń hó dáadáa ti tó. Ẹ má kúrò nídìí rẹ̀ o. Á dákẹ́ bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan, ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa ru gba ẹnu ìgò jáde sórí sítóòfù.

Bí ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ fún fọ́ílì mọ́ ọrùn ìgò, kó sọ̀kalẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ dúró díẹ̀, kí ẹ tó gbé e sínú bàsíà omi yìnyín. Omi bàsíà ò gbọ́dọ̀ ga ju omi malt inú ìgò lọ. Bó bá ti wálẹ̀ sí 20 sí 25°C, yíìsì lè wọ̀ ọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn á fẹ́ fi airlock, ìdérí tó ń jẹ́ kí gáàsì jáde tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, dé e. Fọ́ílì yẹn náà ni kí ẹ fi sílẹ̀. Yíìsì ń wá ọ́síjìn nígbà yìí, kòkòrò sì ń bá eruku já bọ́ láti òkè ni, kì í pọ́n ara ìgò gòkè.

Bó bá jẹ́ ìgò lásán lẹ ní, irú èyí tí wọ́n ń ta jáàmù sí, ẹ má gbé e sórí iná, á là. Ẹ sè é nínú ìkòkò, ẹ dé ìkòkò láti ìṣẹ́jú 5 tó kẹ́yìn kí ìdérí náà lè jiná, ẹ jẹ́ kó tutù ní dídé, kí ẹ wá dà á tààrà láìlo àrọ.

Lábù_Ẹ̀yìnkùlé, Houston

Mo fara mọ́ ohun tí ẹni tó ṣáájú sọ. Kí n wá dáhùn àwọn tó kù.

Kálísíọ̀mù pọ̀ nínú omi Lọ́ńdọ̀nù. Òun ló ń dì mọ́ èròjà tó ń mú Star San hó, tó fi ń funfun. Ẹ má wo àwọ̀, pH, ìyẹn ìwọ̀n ásíìdì inú rẹ̀, ni kí ẹ wò: bó bá ṣe kéré tó ni ásíìdì ṣe pọ̀ tó. Ìwé pH kékeré tí wọ́n ń rì bọ omi ti tó: bó bá wà lábẹ́ 3, ẹ lò ó, bó bá ti kọjá, ẹ dà á nù. Bẹ́ ẹ bá fi distilled water pò ó, á mọ́ gaara, ó sì ṣeé tọ́jú fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan nínú ìgò ìfọ́n tó ní ìdérí. Mílílítà 30 ló ń bọ́ sí lítà 19. Fún ìgò ìfọ́n lítà 1, sírínjì ni kí ẹ fi fa mílílítà 1.6. Ẹ má fojú dá a, torí bó bá ki ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ ní láti fi omi ṣan án kúrò.

Ìhó yẹn, ẹ fi sílẹ̀. Ásíìdì ni, bí omi malt bá ti pò ó pọ̀, pH á gòkè, agbára rẹ̀ á sì tán. Omi ẹ̀rọ tí ẹ bá fi ṣan án ló máa kó kòkòrò padà wá. Àkókò ni kí ẹ ṣọ́: kí ara ohun èlò wà ní rírin fún ìṣẹ́jú 1 sí 2. Kí èèyàn kàn fọ́n ọn fìrì kó sì dà á nù lójú ẹsẹ̀, kò pa nǹkan kan.

Dettol, rárá o. Chloroxylenol ló wà nínú rẹ̀, ìdílé chlorophenol nìyẹn, òórùn ilé ìwòsàn tí àwọn apọntí ń sá fún gan-an. Ó sì máa ń lẹ̀ mọ́ rọ́bà.

Ọ̀rọ̀ míì tún wà tẹ́ ẹ ò bi wá. Fífọ̀ yàtọ̀ sí pípa kòkòrò. Sánítáísà ò lè pa ohun tí kò kàn, bí ìdọ̀tí bá sì bo kòkòrò mọ́lẹ̀, kò ní kàn án. Ẹ gbé ìgò yín sọ́nà ìmọ́lẹ̀ nígbà tó bá gbẹ. Ẹ wo ibi tí starter àná ti hó dé. Bẹ́ ẹ bá rí òrùka fẹ́lẹ́ tó dà bí ẹ̀kọ tó gbẹ mára abọ́, tó sì ń yọ̀ bẹ́ ẹ bá fi omi kàn án, ilé wọn nìyẹn. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi 60°C tẹ́ ẹ ti po PBW (ìyẹ̀fun tí àwọn apọntí fi ń fọ ohun èlò) tàbí sodium percarbonate tí kò ní lọ́fínńdà mọ́, fún ìṣẹ́jú 30, kẹ́ ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì gígùn fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ ṣan án. Ẹ wo ọ̀pá mágínẹ́ẹ̀tì náà: èyí tó ní bẹ́líìtì láàárín máa ń kó ìdọ̀tí síbẹ̀. Rọ́bà tó bá ti ha, ẹ sọ ọ́ nù.

Páálí yíìsì àti àlùmọ́gàjí tẹ́ ẹ fẹ́ fi gé e náà wà lára ohun èlò. Ẹ fọ́n ọtí líle 70% sí méjèèjì, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ fúnra rẹ̀. 70% ló ń ṣiṣẹ́ ju 95% lọ, torí ó nílò omi kó tó lè ba èròjà purotéènì ara kòkòrò jẹ́. Kí iná ti kú o kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn. Spirit aláwọ̀ àlùkò tí wọ́n ń fi tan iná, kó má kan nǹkan tí wọ́n máa mu. Ẹ pa fáànù, ẹ ti fèrèsé, kẹ́ ẹ tó ṣí fọ́ílì. Ẹ gbé e sókè díẹ̀ péré, ẹ da yíìsì, ẹ dé e.

Ìyá_Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́, Ìbàdàn

Àwa tí Star San ò sí nítòsí wa, pressure pot la fi ń ṣe é, ó sì dáa ju gbogbo sánítáísà lọ. Omi híhó lásán kò ju 100°C lọ, irúgbìn líle tí kòkòrò Bacillus máa ń dì á sì yè é. Nínú pressure pot, ìtẹ̀ ooru tó tó 15 psi ń gbé e dé 121°C, ìṣẹ́jú 15 sí 20 níbẹ̀ ń pa gbogbo wọn. Ẹ bu omi sẹ̀ǹtímítà 2 sísàlẹ̀, ẹ tẹ́ aṣọ tàbí irin pẹlẹbẹ sí i, ẹ gbé ìgò tó ní omi malt kalẹ̀, kó má ju ìdajì lọ, kí fọ́ílì wà lẹ́nu rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ooru máa jáde fún ìṣẹ́jú 10 kẹ́ ẹ tó fi wéètì sí i, kí afẹ́fẹ́ tútù lè kọ́kọ́ jáde tán. Bẹ́ ẹ bá paná, ẹ má tú ooru rẹ̀ dànù o. Ẹ jẹ́ kó wálẹ̀ fúnra rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ gbogbo omi malt á hó tú jáde.

Bílíìṣì ńkọ́? Bó bá di dandan: èyí tí kò ní òórùn, tí wọ́n kọ 3.5% sí, mílílítà 6 sí lítà omi 1, ìṣẹ́jú 10, kẹ́ ẹ wá fi omi tẹ́ ẹ ti sè ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ń jẹ irin sítéènílẹ́ẹ̀sì, ẹ má fi rẹ ẹ́. Ẹ ò gbọ́dọ̀ po fínígà, Star San tàbí ásíìdì kankan mọ́ ọn láéláé, gáàsì rẹ̀ lè pa èèyàn.

Ẹni tó ń rẹ àgbàdo ògì tàbí ẹ̀gẹ́ fùfú nílé náà ní láti ṣọ́ra. Kòkòrò tó ń mú ògì kan, ọmọ ìyá èyí tó ń ba bíà jẹ́ ni. Asẹ́ ògì, aṣọ ìsẹ́ àti búlẹ́ńdà ilé ìdáná kò gbọ́dọ̀ kan starter rárá. Kẹ́ ẹ má sì ṣe méjèèjì lọ́jọ́ kan náà.

Apọntí_Tuntun, Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ ṣé gan-an ni. Ṣé mo lè wá sè omi malt lítà 10 lẹ́ẹ̀kan, kí n rọ ọ́ gbóná-gbóná sínú ìgò jáàmù, kí n dé e pa, kí n tò ó sí kọ́bọ́ọ̀dù? Báwo ni mo sì ṣe máa mọ̀ pé kíkan yìí, kòkòrò ló fà á lóòótọ́?

Lábù_Ẹ̀yìnkùlé, Houston

Ti kọ́bọ́ọ̀dù yẹn, ẹ má dán an wò. pH omi malt ga ju 4.6 lọ, ìgò tẹ́ ẹ sì dé pa ò ní ọ́síjìn. Ibi tí Clostridium botulinum, kòkòrò tó ń ṣe májèlé tó lè pa èèyàn, ń wá nìyẹn, irúgbìn rẹ̀ kì í kú sínú omi híhó, májèlé rẹ̀ kì í sì í rùn. Àfi kí ẹ fi pressure pot ṣe é bí Ìyá ṣe wí. Bí kò bá sí, ẹ sè é lọ́jọ́ tẹ́ ẹ máa lò ó, tàbí kẹ́ ẹ dì í sínú fìrísà.

Ní ti kíkan, starter tó ti yí lórí stir plate kì í rùn bíi bíà tó dáa. Ọ́síjìn ti pọ̀ jù nínú rẹ̀, òórùn ápù tàbí kíkan díẹ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ẹ gbé e sínú fìríìjì di ọjọ́ kejì kí yíìsì sì rọ̀ sísàlẹ̀, kẹ́ ẹ wá tọ́ omi orí rẹ̀ wò. Bó bá mú bíi fínígà, tó bá ní awọ funfun lójú, tàbí tó ń fà bí ilá, ẹ dà á nù. Ẹ wo déètì yíìsì náà pẹ̀lú. Páálí tó ti pẹ́, àwọn tó ṣì wà láàyè nínú rẹ̀ kéré, wọ́n lè má gbéra títí di ọjọ́ kejì, kòkòrò á sì ti jẹun yó kí wọ́n tó jí.

Ìdánwò tó máa fi yé yín rèé. Bí omi malt bá ti tutù, kẹ́ ẹ tó da yíìsì sí i, ẹ rọ mílílítà 100 nínú rẹ̀ sínú ìgò kékeré tẹ́ ẹ ti pa kòkòrò inú rẹ̀. Ẹ bo ó pẹ̀lú fọ́ílì, ẹ gbé e síbi tó tó 30°C fún ọjọ́ 3. Bó bá wà bó ṣe wà, ọwọ́ yín mọ́, inú páálí yíìsì ni kẹ́ ẹ ti wá a. Bó bá dàrú, tó ń tú gáàsì tàbí tó hu awọ, láàárín ìgbà tẹ́ ẹ paná sí ìgbà tẹ́ ẹ dé e ló ti wọlé.

Ọlọ́tí_Malt, Leeds

Ó ku ọ̀kan: ìgbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ dà á sínú bíà. Ẹ nu ara ìgò gbẹ, ẹ fọ́n Star San yí etí rẹ̀ ká. Omi tó ń kán lára ìgò láti inú fìríìjì ló máa kọ́kọ́ yí wọ inú bíà bẹ́ ẹ bá dorí rẹ̀ kọ. Kẹ́ ẹ sì di mágínẹ́ẹ̀tì míì mú mọ́ ìdí ìgò níta, kí ọ̀pá kékeré yẹn má bá a bọ́ sínú bíà.