Kọ́kọ́rọ́ yí, mọ́tò ò dáhùn: ìrírí wa pẹ̀lú ilé kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ àtijọ́

Ẹ̀yin ará, ẹ má tíì ra ilé kọ́kọ́rọ́ tuntun o. Ẹni tó bá ń wa Ìjàpá (Volkswagen Beetle), tó yí kọ́kọ́rọ́ tí kò gbọ́ ju "tá" kan ṣoṣo lọ́wọ́ ẹ̀yìn, kó kọ́kọ́ wá ibi tí iná ti ń ṣòfò.

Volkswagen 1973 tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni tèmi. Ní àárọ̀ kùtù, wéré ló máa ń dáhùn. Ṣùgbọ́n kí n wà á láti Mọ́kọ́lá dé Ọjọ́ọ̀ nínú oòrùn ọ̀sán, kí n pa á, kí n tún fẹ́ ṣáná sí i, ó parí. Àfi ká tì í. Rìwáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tí mo gbé e lọ bá sọ pé ilé kọ́kọ́rọ́ ló kú, pé òun máa gé wáyà, òun á so bọ́tìnì ọ̀kadà mọ́ abẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù. Mo ní kó má fọwọ́ kàn án. Ó máa ń dùn mí wọra tí mo bá rí Ìjàpá tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí wọ́n gé wáyà inú rẹ̀ jálajàla, tí wọ́n wá fi téèpù dúdú lọ́ ọ pọ̀. Wáyà yẹn ní àwọ̀, àwọ̀ kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Nǹkan méjì ló wà nínú ilé kọ́kọ́rọ́ yìí: irin tí kọ́kọ́rọ́ ń wọ̀, tó tún ń ti sitiẹ́rìn pa, àti súwíìṣì oníke tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tí wáyà so mọ́. Ọ̀kan lè bàjẹ́ kí èkejì máa jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Nọ́ńbà tí àwọn ará Jámánì ń lò ló máa tọ́ yín sọ́nà. 30 ni iná tó ń bọ̀ tààrà láti bátìrì, wáyà pupa. 15 ni dúdú, òun ló ń gbé iná lọ sí kọ́ìlì tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná. 50 ni pupa aládúdú, òun ló ń pe kíkì sítátà, mọ́tò kékeré tó ń yí ẹ́ńjìnnì kó tó mú. Wáyà aláwọ̀ ilẹ̀ ni ti ara irin ọkọ̀.

Mo gbé mítà, mo ní kí ọmọ mi yí kọ́kọ́rọ́. Lórí bátìrì, fóltì 12 lé díẹ̀. Lórí ẹsẹ̀ 50 kíkì sítátà, kò ju 8 lọ. Ìyókù dà? Ẹ rántí pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà, abẹ́ àga ẹ̀yìn sì ni bátìrì. Iná ní láti rìn wá síwájú, kó gba inú kọ́kọ́rọ́ kọjá, kó tún padà sẹ́yìn kó tó dé ibi tí wọ́n ti ń retí rẹ̀. Gbogbo ojú ìsopọ̀ tó ti dípẹtà lójú ọ̀nà ló ń bu tirẹ̀ jẹ. Tí ooru ẹ́ńjìnnì bá wá kún un, agbára tó kù kò lè fa irin inú kíkì sítátà mọ́.

Rílè, súwíìṣì tí iná kékeré fi ń ṣí ọ̀nà fún iná ńlá, ló yanjú ẹ̀. Mo de ọ̀kan sí abẹ́ àga ẹ̀yìn. Wáyà pupa aládúdú wọ ẹsẹ̀ 86. 85 lọ sára irin ọkọ̀. 30 gba iná láti bátìrì pẹ̀lú wáyà tó nípọn àti fíúsì. 87 lọ sórí kíkì sítátà. Iná kékeré tó ń pe rílè nìkan ló wá ń gba inú kọ́kọ́rọ́ kọjá. Láti ìgbà náà, ooru ò dí i lọ́wọ́ mọ́.

Nígbà tó yá, súwíìṣì náà wá kú lóòótọ́, ẹ sì máa mọ̀ ọ́n. Tí mo bá ṣí kọ́kọ́rọ́ láìṣáná, iná pupa ti jẹnẹrétọ̀ àti iná aláwọ̀ ewé ti ọ́ìlì á tàn. Tí mo bá mi kọ́kọ́rọ́ díẹ̀, méjèèjì á máa ṣẹ́jú. Kẹ́ ẹ tó tú ohunkóhun, ẹ yọ orí bátìrì, torí 30 kì í kú, kọ́kọ́rọ́ ì báà wà lápò yín. (Tẹ́ ẹ bá ti gbé àga yẹn, ẹ rí i pé ìdérí bátìrì wà níbẹ̀. Sípíríǹgì àga tó bá kan orí bátìrì lè dáná sun ọkọ̀.) Nọ́ọ̀tì àárín sitiẹ́rìn gba sípánà 27. Lẹ́yìn sitiẹ́rìn àti súwíìṣì tirafikétọ̀, súkúrù kékeré kan ló di súwíìṣì mú lẹ́yìn irin. Nígbà tí mo fà á jáde, ike ẹ̀gbẹ́ 30 ti jó rúsúrúsú, idẹ inú rẹ̀ ti dúdú, ó sì ní kòtò tí èékánná lè há sí.

Ọjà Ládípọ̀ l'Ékòó ni mo ti ra tòkunbọ̀. Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ki sukudiráífà bọ ihò rẹ̀, ẹ yí i dé ìpele sítátà, kẹ́ ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ ta padà fúnra rẹ̀. Èyí tó bá lọ́ra, ẹ dá a padà, torí á máa yí kíkì sítátà lọ lẹ́yìn tí ẹ́ńjìnnì ti mú, á sì jó o.

—

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun gan-an. Mercedes W123 ni èmi ń tọ́jú, èyí tí wọ́n ṣe láàárín 1975 sí 1986. Tiwa kì í sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ iná, irin kọ́kọ́rọ́ gan-an ló ń jẹ. Tó bá ti di pé ẹ ń mi kọ́kọ́rọ́ kó tó yí, ẹ má dúró dọ̀la. Irin inú yẹn kò ṣeé yọ wẹ́rẹ́ àfi tí kọ́kọ́rọ́ bá ṣì lè yí dé ìpele 1. Níbẹ̀, wọ́n á ki wáyà tín-ín-rín sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n á yí òrùka dúdú iwájú kúrò, á sì fà jáde. Tó bá há pátápátá, tí sitiẹ́rìn tì, dírílì ló kù. Mo ti dúró ti ẹni tó ń lu irú rẹ̀ láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú, àánú ọkọ̀ náà ṣe mí. Ẹ má da ọ́ìlì sí i, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ fi pẹ́ńsù ra ara kọ́kọ́rọ́, kẹ́ ẹ máa kì í bọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ máa yọ ọ́.

—

Ẹ kú iṣẹ́ láti Àjàṣẹ́. Ti díísẹ̀lì tún wà o. Lórí Mercedes 240D mi, mo yọ kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì ń lọ ní tirẹ̀! Díísẹ̀lì kì í dúró torí pé iná kúrò. Ìfàmọ́ra afẹ́fẹ́ (vacuum) ló ń gba páìpù tín-ín-rín wá sẹ́yìn ilé kọ́kọ́rọ́. Tẹ́ ẹ bá pa á, fáàfù ibẹ̀ á ṣí ọ̀nà fún un kó dé ibi pọ́ńpù, kó gé epo. Páìpù tèmi ló là. Títí ẹ ó fi tún un ṣe, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wá ọwọ́ tí wọ́n kọ STOP sí, ẹ tẹ̀ ẹ́, á kú.

—

Àbúrò mi oní-Mercedes, òótọ́ lo sọ, kí n fi kan kún un. Ẹ má so kọ́kọ́rọ́ ilé, ti ṣọ́ọ̀bù àti ti géètì mọ́ ti ọkọ̀. Ìwúwo yẹn ń jẹ irin inú. Ní 2014, General Motors pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù méjì padà torí ilé kọ́kọ́rọ́ tó lè yí kúrò nípò lórí eré, tí ẹ́ńjìnnì á kú. Ẹ̀mí ṣòfò níbẹ̀, ìwúwo ìdì kọ́kọ́rọ́ sì wà lára ohun tó lè fà á. Ẹni tó bá ní Peugeot 504 kó sọ tirẹ̀ fún wa, torí mi ò tíì tú tiwọn rí.