Ta ló yẹ kó san owó iná tó ń fa omi?

Ẹ̀yin ará, ẹ gbà mí o. Agége ni mo ń gbé, yàrá mẹ́fà, mítà kan ṣoṣo la jọ ń lò, 5,000 náírà ni kálukú ń dá lóṣù. Wàhálà tó wà ńbẹ̀ ni pé orí mítà yẹn náà ni wọ́n so ẹ̀rọ tó ń fa omi mọ́, bàbá onílé wá tún gbé fírísà méjì sí ṣọ́ọ̀bù ìyàwó wọn níwájú ilé, wọ́n ń ta omi tútù, wọn ò dá kọ́bọ̀. Lálẹ́ àná káàdì tán, iná lọ fíì, a wá ń wojú ara wa.

— Omi tẹ́ ẹ jọ ń pọn, ẹ jọ san ìyẹn jàre. Fírísà nìkan ni ìjà ibẹ̀ ooo. Ẹ ní kí wọ́n so mítà tiẹ̀ lọ́tọ̀.

— Òfin ayálégbé Èkó ti 2011 sọ pé tí onílé bá gba owó iná tàbí omi lé owó ilé, kó já ríṣíìtì ẹ̀ lọ́tọ̀, kó sì kọ ìṣirò bó ṣe ná an fún yín, ó pẹ́ tán lóṣù mẹ́fà-mẹ́fà. Ta ló ń gbowó ọ̀hún?

— Ìyá oní-fírísà gan-an ni 😭