Díráìfù tí ẹ fi kún kọ̀ǹpútà tí kò yọjú: ẹ sọ ìrírí yín

Atúwáyà

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń fọwọ́ ara wa to kọ̀ǹpútà jọ sọ ohun tí ojú wa ti rí nídìí fífi háàdì díráìfù kún un. Mo ti rí díráìfù tó pọ̀ tí wọ́n dá padà tàbí tí wọ́n jù nù, tí kò sì sí ohun kan tó ṣe é. Ẹ̀ṣẹ̀ ẹlẹ́ṣẹ̀ ni wọ́n ń kà sí i lọ́rùn.

Tèmi rèé. M.2 kan (díráìfù pẹlẹbẹ tí a ń kì bọ motherboard, pátákó ńlá inú kọ̀ǹpútà, láìlo wáyà) wà nínú kọ̀ǹpútà mi, orí rẹ̀ ni Windows wà, mo sì ní díráìfù ńlá méjì tí mo ń kó fídíò sí. Mo ra M.2 kejì, mo fi sí ojú tirẹ̀, mo tan ẹ̀rọ. M.2 tuntun yọ, àmọ́ ọ̀kan nínú àwọn díráìfù ńlá ti pòórá. Kò sí nínú Windows, kò sí nínú BIOS pàápàá, ìyẹn ètò tó ń jí kọ̀ǹpútà kí Windows tó dé. Bẹ́ẹ̀ mo sì ń gbọ́ tó ń yí, bí mo bá sì gbé ọwọ́ lé e, ó ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀. Díráìfù tó ń yí ti rí iná gbà, nítorí náà ọ̀nà tí dátà ń gbà ni mo lọ yẹ̀ wò. Mo ṣí ìwé ìlò motherboard, mo sì rí gbólóhùn kékeré kan lábẹ́ tábìlì: bí nǹkan bá wà lójú M.2 kejì, ihò SATA 5 àti 6, àwọn ihò tí wáyà dátà díráìfù ń wọ̀, kò ní ṣiṣẹ́. Ọ̀nà kan náà ni wọ́n jọ ń gbà dé chipset, èyí tó ń darí dátà lórí motherboard, bí M.2 bá ti gba ọ̀nà náà, ti SATA ti dí nìyẹn. Mo yọ wáyà kúrò ní ihò 5, mo gbé e lọ sí ihò 2, gbogbo fídíò mi sì wà níbẹ̀ láìdín kan.

Motherboard kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ o. Lórí òmíràn, àyàfi tí M.2 náà bá jẹ́ irú tó ń lo SATA ni ihò kan yóò dákẹ́. Bó bá jẹ́ NVMe, irú M.2 kejì, kò ní sí ìṣòro. Lórí òmíràn, ihò káàdì PCIe ló ń lọ sí i. Ìwé ìlò ti motherboard tiyín gan-an ni kí ẹ kà kí ẹ tó náwó, PDF rẹ̀ wà lórí ìkànnì àwọn tó ṣe é.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Tèmi ò pòórá, ńṣe ló ń lọ tó ń bọ̀. Iṣẹ́ fọ́tò ni mò ń ṣe, n kì í sì í fi fáìlì oníbàárà ṣeré. Díráìfù 4TB tí mo fi kún un ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àfi bí mo bá ń kó fáìlì ńlá sí i. Yóò dúró gbagidi, gbogbo nǹkan tó wà lójú kọ̀ǹpútà yóò dì, tó bá ṣe díẹ̀ yóò tún máa lọ. Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè ló ní ó ti ń kú lọ nìyẹn.

Àbúrò mi ọkùnrin ló ní kí n dúró ná, kí n wo SMART rẹ̀. Àkọsílẹ̀ tí díráìfù ń ṣe nípa ara rẹ̀ ni SMART. CrystalDiskInfo máa ń fi hàn lórí Windows, smartctl sì ni ti Linux. Nọ́ńbà 5 ń ka àwọn ojú ibi tó ti bàjẹ́ tí díráìfù ti fi òmíràn rọ́pò, òdo ló wà. Nọ́ńbà 197 ń ka àwọn tó ń fura sí, òdo ni òun náà. Nọ́ńbà 199 ló ń gòkè ṣáá. Iye ìgbà tí dátà dàrú lójú ọ̀nà, láàárín díráìfù àti motherboard, ni 199 ń kà. Ojú ọ̀nà ni o, kì í ṣe inú díráìfù. A ṣí kéèsì, a sì rí i pé ìdérí rẹ̀ ń tẹ wáyà SATA níbi tó ti ṣẹ́ kọ́rọ́. Mo pààrọ̀ rẹ̀ sí irú èyí tó ní irin pẹlẹbẹ tó ń gbá a mú létí, láti ìgbà náà 199 ò kúrò lójú kan.

Ẹ má retí kí ó padà sí òdo, nọ́ńbà yẹn kì í wálẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ máa wò ó bóyá ó tún lé sí i. Wáyà SATA ò gbọdọ̀ gùn ju mítà 1 lọ, èyí tó bá sì kúrú ni mo fẹ́ràn jù, bó bá ṣáà ti dé ibi tó ń lọ láìle.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 5 tàbí 197 ló ń gòkè ní tiyín, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹ kó fáìlì yín kúrò lórí rẹ̀ lónìí.

Bàbá Sáfà

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti iná, nítorí iná ló ń pa díráìfù pátápátá. Ẹ̀yin tí ẹ ń lo àpótí iná tí wáyà rẹ̀ ṣeé yọ, ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa. Orí wáyà tó ń wọ díráìfù ní ẹsẹ̀ irin kéékèèké 15, ọ̀kan náà ni níbi gbogbo. Orí kejì, èyí tó ń wọ àpótí iná, kò sí òfin kankan tó dè é. Bó ṣe wu ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ń to ẹsẹ̀ tirẹ̀. Àní ilé iṣẹ́ kan náà lè tò ó bí èyí lónìí kó tò ó bí ọ̀hún lọ́la. Wáyà yìí lè wọlé wẹ́kú, kó sì gbé 12V lọ síbi tí díráìfù ti ń retí 5V.

Ọ̀rẹ́ mi kan gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ fún ẹnì kan kó bá a pààrọ̀ àpótí iná. Onítọ̀hún ò fẹ́ tú gbogbo inú rẹ̀, ó fi wáyà àtijọ́ sílẹ̀ lára àwọn díráìfù, ó wá ki orí wọn bọ àpótí tuntun. Wọ́n tẹ bọ́tìnì, òórùn jíjó sọ, díráìfù mẹ́ta lọ lẹ́ẹ̀kan náà. Fọ́tò ìyá rẹ̀ tó ti lọ wà nínú ọ̀kan. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi wáyà àpótí iná kan lo òmíràn láé, bó ti wù kí wọ́n jọra tó. Bí wáyà ò bá tó, èyí tí wọ́n ṣe fún àpótí yẹn gan-an ni kí ẹ wá.

Nígbà tí díráìfù 3.5 ínǹṣì bá ń gbéra ló ń mu iná jù, nǹkan bí 2A lórí 12V, kó tó wálẹ̀ sí ìwọ̀nba. Orí iná SATA kan ò gbọdọ̀ gbé ju 4.5A lọ lórí 12V yẹn. Ẹ rí i pé bí wáyà apínyà bá pín orí kan sí méjì, àyè ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ẹni tó pín in sí mẹ́rin ń fi iná ṣeré. Mo tún bẹ̀ yín, ẹ sá fún orí Molex (orí iná àtijọ́) sí SATA tí wọ́n da rọ́bà bò mọ́lẹ̀; wáyà inú rẹ̀ lè fara kanra, kó sì gbiná.

Tísà

Ẹ kú àlàyé, Bàbá. Tèmi ò tiẹ̀ yí rárá. Mo yọ ọ́ kúrò nínú àpótí USB, mo so ó mọ́ inú kọ̀ǹpútà, kẹ́kẹ́ pa. Mo dá a padà sínú àpótí USB, ó ń yí. Ẹsẹ̀ kẹta orí iná ló fà á. Láti ọdún 2016, nígbà tí ìlànà SATA 3.3 jáde, wọ́n fún ẹsẹ̀ kẹta ní iṣẹ́ tuntun: bí iná bá wà lórí rẹ̀, díráìfù gbọ́dọ̀ dákẹ́. Àpótí iná àtijọ́ sì ń gbé 3.3V síbẹ̀ nígbà gbogbo. Mo fi téèpù Kapton tẹ́ẹ́rẹ́, èyí tí iná kì í gbà kọjá, bo ẹsẹ̀ náà lójú díráìfù, ó sì gbéra.

Kí ẹ tó tú irú àpótí USB bẹ́ẹ̀, ẹ kó fáìlì inú rẹ̀ síbòmíràn. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé pátákó inú àpótí ló ń ti dátà pa, bí ẹ bá yọ díráìfù síta, ẹ ò ní rí nǹkan kan kà.

Ẹni Tuntun

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, BIOS rí tèmi, ó pe orúkọ rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n kò sí lára àwọn díráìfù tí Windows ń tò fún mi. Tuntun ni, mi ò tíì lò ó rí.

Atúwáyà

Kò sí ohun tó ṣe é, wọn ò tíì pín in ni. Ẹ wọ Disk Management nínú Windows. Bó bá bi yín irú ọ̀nà tí ẹ fẹ́ fi to ìpín rẹ̀, ẹ yan GPT, kí ẹ má yan MBR, torí MBR ò lè lò ju nǹkan bí 2TB lọ. Lẹ́yìn náà ẹ dá ìpín kan lórí rẹ̀. Ẹni tí díráìfù tirẹ̀ ti ní fáìlì nínú tẹ́lẹ̀ tí Windows sì ń ní kó ṣe Initialize (kó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ bí tuntun), kó dáwọ́ dúró, kó má tẹ nǹkan kan. Ẹ̀yin ti Linux, UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ ìpín náà) ni kí ẹ kọ sínú fstab, fáìlì tó ń sọ ibi tí díráìfù yóò ti yọ, torí díráìfù tí Linux pè ní sdb lónìí lè di sdc bí ẹ bá ti fi òmíràn kún un.

Bàbá Sáfà

Ẹni tí ihò SATA ti tán lórí motherboard rẹ̀, mi ò gbà á níyànjú kó ra káàdì olówó pọ́ọ́kú tó ń fi ọ̀nà kan ṣoṣo pín fún díráìfù mẹ́jọ. Ìgbà tí gbogbo wọn bá ń ṣiṣẹ́ pọ̀ ni yóò rí i bí wọ́n ṣe ń dúró de ara wọn. Káàdì LSI 9211-8i ni mo ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Orí méjì ló ní, wáyà orí kọ̀ọ̀kan sì ń ya sí mẹ́rin. Ẹ rí i dájú pé IT mode ni ètò inú rẹ̀ wà, kí ẹ̀rọ yín lè máa rí díráìfù kọ̀ọ̀kan bó ṣe wà gan-an. Inú sáfà (kọ̀ǹpútà ńlá ilé iṣẹ́) tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ gan-an ni wọ́n ṣe é fún, nítorí náà ó máa ń gbóná nínú kéèsì ilé. Mo so fáànù kékeré kan mọ́ orí irin rẹ̀.