Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: báwo ni ìlù ṣe lè wọ èèyàn lára?

Onígìtá: Ẹ ǹlẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo mọ kọ́ọ̀dù dáadáa, ìka mi sì yá. Ṣùgbọ́n bí èmi àti ẹlòmíì bá jọ ń ṣeré, mo máa ń sáré ju ìlù lọ, pàápàá níbi tí orin bá ti le. Mo ń lo metronome (ẹ̀rọ tó ń dún ní ìwọ̀n kan náà kéèyàn lè di ìlù mú), àmọ́ tí mo bá ti pa á báyìí, mo tún bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Kí ni kí n ṣe?

Ayọ̀Onílù: Ẹ gbé gìtá sílẹ̀ ná. Ẹ máa rìn, kí ẹ máa fẹnu ka ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin bí ẹsẹ̀ ṣe ń kan ilẹ̀, kí ẹ wá máa pàtẹ́wọ́ sí èjì àti ẹ̀rin. Tó bá ti rọrùn, ẹ fẹnu kọ orin tí ẹ fẹ́ ta lé e lórí. Ibi tí ẹnu bá ti kọsẹ̀, ibẹ̀ náà ni ìka ń kọsẹ̀ sí. Émile Jaques-Dalcroze (1865–1950) ń kọ́ni lórin ní Geneva nígbà tó rí i pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ìka wọn dá ṣáká kò lè di ìlù mú. Ló bá ní kí wọ́n máa rìn, kí wọ́n máa fi gbogbo ara gbé orin. Mo gba ọ̀nà yìí gbọ́ gan-an.

BàbáBéèsì: Òótọ́ ni, àmọ́ má ju metronome nù, àbúrò. Bó bá ń dún ní gbogbo ìlù, òun ló ń bá ọ kà á. Bí orin bá jẹ́ ìlù 80 láàárín ìṣẹ́jú kan, fi sí 40, kó jẹ́ èjì àti ẹ̀rin nìkan ni yóò máa dún. Ìwọ ni kí o gbé ọ̀kan àti ẹ̀ta fúnra rẹ. Tó bá yá, sọ ọ́ di 20. (Ti orí fóònù ni kí o lò; èyí tí wọ́n ń fọwọ́ yí kì í sábà lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.)

Onígìtá: Ẹ ṣé, sà. Mo ti dán 40 wò. Ìgbà gbogbo ni mo ń débẹ̀ ṣáájú rẹ̀! Ṣé kí n rọ orin náà sílẹ̀ ni?

BàbáBéèsì: Má tíì rọ̀ ọ́. Bí orin bá ṣe ń falẹ̀ tó ni àlàfo ń fẹ̀ tó, inú àlàfo náà lo sì ti ń sáré. Fi ẹnu kún un: tá-ka-tí-ka nínú ìlù kọ̀ọ̀kan, kó dọ́gba.

Olóhùn: Kí ẹ tún kíyè sí èjìká yín àti èémí yín. Níbi tó bá ti le, ọ̀pọ̀ wa máa ń há èémí mọ́nú, ara á le, ọwọ́ á wá sáré kó lè tètè kúrò níbẹ̀. Ẹ mí síta kí ẹ tó wọ ibẹ̀. Ẹ gba ohùn ara yín sílẹ̀ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ má gbọ́ ọ lójú ẹsẹ̀. Ó dọjọ́ kejì, kí ẹ máa pàtẹ́wọ́ tẹ̀ lé e. Ibi tí àtẹ́wọ́ yín bá ti fẹ́ kù sẹ́yìn gan-an ni ẹ ti sáré.